Omi Tí Ń Dà Lójú: Ẹ Mọ Orísun Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Kán Oògùn Sí I

Ọ̀rọ̀ ojú ni mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ó kù díẹ̀ kí n má ríran mọ́ nítorí omi tí ń dà lójú mi. Kì í sì í ṣe omi náà gan-an ló fẹ́ gba ìríran lọ́wọ́ mi, bí kò ṣe oògùn tí mo fi ọwọ́ ara mi kán sí i. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹlòmíràn má baà ṣe irú àṣìṣe tí mo ṣe.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo fi jẹun fún ọdún 31 ní ìlú Ìbàdàn. Nígbà ọyẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, mo ṣàkíyèsí pé bí mo bá jókòó ti ìwé ìdánwò àwọn ọmọ, tí mo bá ti yẹ bíi mẹ́wàá wò, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú mi, pàápàá jù lọ ojú ọ̀tún. Bí mo bá gun ọ̀kadà, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi lójú, á tún burú sí i. Ó ń ta mí bí ẹni pé iyanrìn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìyàwó mi bá tan iná sí i wò, kì í rí nǹkan kan. Àwọn ọmọ kíláàsì mi á máa wò mí, wọ́n á ní, "Tísà, kí ló dé tí ẹ ń sunkún?" Èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá ní eruku ṣọ́ọ̀kì ni.

Ẹ mọ bí ilé wa ṣe rí. Kò sí ẹni tí kò mọ oògùn. Aládùúgbò wa kan ní kí n po ṣúgà mọ́ omi, kí n máa fi bọ́ ojú. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ń ta ata lọ́jà ní kí n tọrọ omi ọmú lọ́wọ́ ìyálọ́mọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tilẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ìtọ̀ ẹni tí a bá kọ́kọ́ tọ̀ láàárọ̀ ni, pé òun ló gba òun. Mo dúpẹ́ pé ojú tì mí láti ṣe ìyẹn.

Mo wá gba ṣọ́ọ̀bù àwọn tí ń ta oògùn lọ. Ọmọkùnrin tí mo bá níbẹ̀ wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan, kò bi mí ní ìbéèrè méjì. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó mú ìgò kékeré kan, ó ní, "Bàbá, ẹ kán an lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ẹ ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi." Lóòótọ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, títa náà ti lọ, pípọ́n náà ti lọ, ojú mi mọ́ bí ojú ọmọdé. Mo ní, oògùn dé!

Nígbà tí ìgò náà tán, lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, omi tún dé. Mo padà síbẹ̀, mo ra òmíràn. Báyìí ni mo ṣe ń rà á fún oṣù méje gbáko, tí mo ń kán an sí ojú ọ̀tún lójoojúmọ́, tí mo sì ń kán díẹ̀ sí ti òsì kí ó má baà jowú. Èmi tí mò ń kígbe mọ́ àwọn ọmọ lójoojúmọ́ pé kí wọ́n ka ìbéèrè dáadáa kí wọ́n tó dáhùn, n kò fi ìgbà kan ka ohun tí wọ́n kọ sí ara ìgò náà.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ìríran mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Iná tí wọ́n bá tàn lálẹ́ á ní òrùka yí ara rẹ̀ ká bí òṣùmàrè. Lọ́jọ́ kan, mo ń kọ̀wé lójú pátákó, mo fi ọwọ́ bo ojú òsì nítorí eruku tí ó wọ̀ ọ́. Ó yà mí lẹ́nu pé igun pátákó náà kan kò sí mọ́! Mo ṣí ojú òsì, igun náà padà. Mo tún bò ó, igun náà tún lọ. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí ṣọ́ọ̀kì fi bọ́ nílẹ̀.

Ohun tí dókítà rí

Ọmọ mi obìnrin ló mú mi lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ kejì. Dókítà ojú tí ó wò mí kò ju ọmọ mi lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Bàbá, kí ni ẹ ti ń kán sí i?"

Pẹ̀lú ìgbéraga ni mo fi yọ ìgò náà jáde nínú àpò. Ó kà á, ó rọra gbé e sílẹ̀ lórí tábìlì, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ẹ̀rọ wọn ìfúnpá inú ẹyinjú mi. Ohun tí ó sábà máa ń jẹ́ lójú tí ara rẹ̀ dá ni láti 10 títí dé 21. Tèmi jẹ́ 38 ní ojú ọ̀tún, àti 25 ní ti òsì.

Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú sí mi, òótọ́ ni n ó sọ. Sìtẹ́rọ́ìdì ló wà nínú oògùn yìí. Ó máa ń mú kí ojú tètè funfun, kí títa sì lọ, ìdí nìyí tí ẹ fi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń kán an lọ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìsí ẹni tí ń wọn ìfúnpá ojú, ó lè gbé ìfúnpá náà sókè. Bí ìfúnpá bá ga, yóò máa tẹ iṣan tí ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ títí iṣan náà yóò fi máa kú díẹ̀díẹ̀. Gláúkómà nìyẹn. Èyí tí ó ti kú nínú iṣan náà, kò sí oògùn tí ó lè jí i. Ohun tí a lè ṣe ni pé kí a dá ìyókù sí."

Mo bi í pé, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni omi tí ń dà lójú mi ti jẹ́ gláúkómà láti ìbẹ̀rẹ̀?"

Ó mi orí. Ó ní, "Rárá o, Bàbá. Ojú yín gbẹ ni."

Ẹ̀yin ará, mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ojú tí ń da omi bí odò ni ẹ sọ pé ó gbẹ?

Ẹ̀rọ omi àti gọ́tà

Ó fa ìwé kan yọ, ó ya ojú sórí rẹ̀, ó sì ṣàlàyé fún mi. Ó ní kí n fi ojú wé agbo ilé tí ó ní ẹ̀rọ omi àti gọ́tà.

Ẹ̀rọ omi ojú wà lókè ẹyinjú, lábẹ́ egungun, ní ìhà tí ó kọjú sí etí. Ibẹ̀ ni omijé ti ń sun. Nígbàkúùgbà tí a bá ṣẹ́jú, ìpéǹpéjú á fi omi yìí nu ojú bí ẹni fi aṣọ tútù nu gíláàsì. A máa ń ṣẹ́jú tó ìgbà 15 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí omi náà bá ti nu ojú tán, á wọ inú ihò kékeré méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, tí wọ́n wà ní igun ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. Bí ẹ bá dúró níwájú dígí, tí ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, ẹ ó rí i, kò tóbi ju ẹnu abẹ́rẹ́ lọ. Láti ibẹ̀ ni omi ń gba ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sínú àpò kékeré kan, kí ó tó sọ̀kalẹ̀ sínú imú. Ìdí nìyí tí imú fi ń ṣomi bí ènìyàn bá ń sunkún. Òun náà ló fà á tí a fi ń tọ́ ìkorò oògùn ojú wò lọ́nà ọ̀fun.

Ó wá ní, "Bí omi bá kún agbo ilé, nínú ohun méjì, ọ̀kan ni: yálà ẹ̀rọ ń da omi ju bí ó ti yẹ lọ, tàbí gọ́tà ló dí."

Ohun tí ń mú kí ẹ̀rọ da omi jù pọ̀. Èéfín igi ìdáná wà níbẹ̀, ata wà níbẹ̀, àlùbọ́sà wà níbẹ̀. Eruku tàbí kòkòrò tí ó bọ́ sí ojú ń ṣe é. Irun ìpéǹpéjú tí ó tẹ̀ sínú, tí ó ń họ ẹyinjú, ń ṣe é. Ohun tí ara ẹni kò gbà, bí eruku ilé tàbí òórùn ìpara kan, ń ṣe é. Irú èyí sì máa ń yún ni gidigidi. Àìsàn àkóràn tí a ń pè ní Apóló ń ṣe é. Àti gbígbẹ ojú.

Ti gbígbẹ ojú yìí rí báyìí. Omijé kì í ṣe omi lásán, òróró tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lójú rẹ̀, tí ó ń ti etí ìpéǹpéjú wá, bí òróró tí ń léfòó lórí ọbẹ̀. Òróró yìí ni kì í jẹ́ kí omijé tètè gbẹ. Bí ọjọ́ orí bá ń gòkè, bí etí ìpéǹpéjú bá wú tàbí tí ó ní èépá, òróró náà á dín kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí a bá tẹjú mọ́ ìwé tàbí fóònù, a kì í ṣẹ́jú tó bí ó ti yẹ. Ọyẹ́ àti fáànù tí a kọ sí ojú á tún parí iṣẹ́ náà. Ojú á gbẹ, á máa ta ni, ara á sì ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ omi pé iná ń jó. Ẹ̀rọ á wá da omi púpọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, omi lásán tí kò ní òróró tó, á ṣàn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ojú á sì tún gbẹ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ohun tí ó ń ṣe mí láti ọjọ́ tí mo ti ń yẹ ìwé ìdánwò wò nìyẹn.

Kí ni ìtọ́jú rẹ̀? Ojú tì mí nígbà tí mo gbọ́ ọ. Aṣọ mímọ́ tí a rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, tí kò gbóná jù, kí n gbé e lé ìpéǹpéjú tí mo pa dé fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, láàárọ̀ àti lálẹ́, kí n sì rọra nu etí ìpéǹpéjú. Omijé àtọwọ́dá, èyí tí kò ní sìtẹ́rọ́ìdì nínú. Kí n máa gbójú sókè kúrò lórí ìwé lóòrèkóòrè, kí n ṣẹ́jú dáadáa. Kí n yí ojú fáànù kúrò lọ́dọ̀ mi, kí n sì wọ awò bí mo bá ń gun ọ̀kadà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ! Ohun tí aṣọ lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti sùúrù ìbá wò ni mo fi oògùn líle lé títí ó fi fẹ́ sọ mí di afọ́jú.

Ọ̀nà kan kò wọjà

Ẹ má rò pé nítorí pé tèmi jẹ́ gbígbẹ ojú, gbígbẹ ojú náà ni tiyín yóò jẹ́. Ọ̀nà kan kò wọjà. Nínú ilé wa kan náà, mo rí omi ojú mẹ́ta tí orísun wọn kò jọra.

Ẹ̀gbọ́n mi aláta, ẹni tí ó ní kí n fi omi ọmú sí ojú mi, omi ń dà lójú òsì tirẹ̀ náà fún ọdún méjì. Gbogbo wa rò pé ata ni, ta ni kò mọ̀ pé ata ń mú ojú ṣomi? Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ata ni, kí ló dé tí ojú ọ̀tún kò ṣomi? Kí ló sì dé tí omi náà ń dà lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí kò lọ sọ́jà? Lẹ́yìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi, mo fi agídí mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà mi. Dókítà fi ìka tẹ igun ojú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, ikun funfun sì sun jáde láti inú ihò kékeré nì. Gọ́tà rẹ̀ ló dí. Omi tí kò rí ibi gbà ti rọ́ sínú àpò, ó sì ti ń dẹ̀gbin níbẹ̀.

Kò sí oògùn kíkán tí ó lè la irú gọ́tà bẹ́ẹ̀ ní ara àgbàlagbà. Iṣẹ́ abẹ ni. Wọ́n á la ọ̀nà tuntun láti inú àpò omijé sínú imú. Iṣẹ́ abẹ yìí kì í ṣe tuntun, dókítà ará Ítálì kan, Addeo Toti, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ láti ọdún 1904. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rù, ó sunkún, ó ní àwọn fẹ́ fọ́ òun lójú. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é, ó yá, ó sì ti padà sí ìdí ata rẹ̀. Bí ẹ bá rí i lọ́jà lónìí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ gbẹ.

Ẹ̀kẹta ni ọmọ ọmọ mi tí wọ́n bí ní ọdún 2019. Kò tíì pé oṣù kan tí ojú rẹ̀ kan fi ń da omi, tí ipin sì ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀ láàárọ̀. Ẹyinjú rẹ̀ funfun, kò pọ́n, ọmọ náà ń ṣeré. Ìyá tí ó wá wẹ ọmọ ti mú tìróò jáde. Mo ní, "Mo bẹ̀ yín, Ìyá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ dá a padà."

Dókítà sọ fún wa pé ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun ni ẹnu gọ́tà ojú wọn kò tíì là tán nígbà tí a bí wọn, àti pé nínú ọmọ mẹ́wàá tí ó bá ní irú rẹ̀, bíi mẹ́sàn-án ni yóò là fúnra rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún kan. Ó kọ́ ìyá ọmọ bí yóò ṣe ràn án lọ́wọ́: kí ó gé èékánná, kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí ó fi orí ìka tẹ igun ojú ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, kí ó sì fà á wá sísàlẹ̀ lẹ́bàá imú, bíi ìgbà márùn-ún sí mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Kí ó fi omi tí a sè, tí ó ti tutù, nu ipin náà nù. Ọmọ náà kò tíì pé oṣù mẹ́sàn-án tí omi náà fi dá. Èyí tí kò bá dá lẹ́yìn ọdún kan, dókítà lè fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ la ọ̀nà náà.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ìyá! Kì í ṣe gbogbo omi ojú ọmọ ni a ń fi sùúrù dúró dè. Bí ojú ọmọ tuntun bá wú, tí ó pọ́n, tí ọyún ń jáde láàárín oṣù àkọ́kọ́, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí àkóràn tí ọmọ lè kó nígbà ìbí lè fọ́ ọ lójú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí ẹyinjú ọmọ bá sì tóbi ju bí ó ti yẹ lọ, tí dúdú ojú rẹ̀ ṣe bí ẹni pé kùrukùru bò ó, tí ọmọ ń sá fún ìmọ́lẹ̀, tí omi ń dà, gláúkómà ọmọdé lè ni. Ẹ má ṣe yìn ín pé ojú rẹ̀ tóbi, pé ó rẹwà. Ẹ gbé e lọ.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ fi sí ojú

Ẹ má fi ìtọ̀ sí ojú, ìbáà ṣe ti ènìyàn tàbí ti màlúù. Ẹ má fi omi ọmú, omi ṣúgà, epo kẹrosíìnì, omi àlùbọ́sà tàbí omi ewé sí i. Kòkòrò àìsàn wà nínú òmíràn, òmíràn sì ń jó ojú. Àwọ̀ tí ó bo dúdú ojú tinrin, bí egbò bá wọ̀ ọ́, bí ó tilẹ̀ jinná, ó lè fi àpá funfun sílẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ kò ní lè gbà kọjá.

Ní ti tìróò, ohun ẹwà àwọn ìyá wa ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n òjé ló wà nínú púpọ̀ nínú rẹ̀, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ní ọdún 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà wò, wọ́n bá òjé nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wádìí, tìróò tí wọ́n mú ti ilé wá, tí wọ́n ń lé fún un, ni ó fà á. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n òjé kò mọ ìfẹ́.

Ní ti oògùn kíkán, n kò sọ pé sìtẹ́rọ́ìdì jẹ́ májèlé. Àwọn dókítà ojú ń lò ó láti gba ojú là nínú àìsàn mìíràn, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣọ́ ìfúnpá bí wọ́n ti ń lò ó. Ẹ ka ara ìgò. Bí ẹ bá rí dexamethasone, betamethasone tàbí prednisolone níbẹ̀, sìtẹ́rọ́ìdì nìyẹn, ẹ má rà á láìjẹ́ pé dókítà ojú ló kọ ọ́ fún yín. Bí ẹ bá sì ti ń lò ó fún ìgbà pípẹ́, ẹ mú ìgò náà lọ́wọ́, kí ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà kí ó wọn ìfúnpá ojú yín, kí ó sì sọ bí ẹ ó ṣe jáwọ́ nínú rẹ̀. Oògùn tí ó wo ojú aládùúgbò yín sàn lè fọ́ tiyín.

Bí Apóló bá dé

Àwọn àgbà inú wa rántí ọdún 1969, nígbà tí àìsàn ojú pupa kan bẹ́ sílẹ̀ ní Ghana, tí ó sì ràn káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọdún náà ni ọkọ̀ Apollo 11 gbé ènìyàn lọ sínú òṣùpá, báyìí ni àwọn ènìyàn ṣe fi orúkọ ọkọ̀ náà pe àìsàn náà. Títí di òní, Apóló la ń pe ojú pupa tí ń ràn. Ojú á pọ́n, á máa ta ni, omi á máa dà, ipin á sì máa lẹ̀ ẹ́ pọ̀.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni yóò lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Wíwò ojú ẹni tí ó ní i kò lè mú kí ẹ kó o. Ọwọ́ ló ń gbé e. Ẹni tí ó fi ọwọ́ nu ojú, tí ó fi ọwọ́ náà ka owó, tí ó na owó náà sí oníbàárà, ó ti lè nà án ní Apóló mọ́ ọn. Nítorí náà, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lóòrèkóòrè, ẹ má ṣe lo táwẹ̀lì kan náà, ẹ má ṣe yá ara yín ní tìróò. Oníṣòwò tí ó bá ní i, kí ó sinmi nílé. Ẹ̀yin olùkọ́, ọmọ tí ojú rẹ̀ bá pọ́n, tí ipin ń jáde, ẹ ní kí ó padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Ìgbà tí kò sí àyè ìdúró

Bí eruku bá bọ́ sí ojú, ẹ má fi ọwọ́ ra á. Ẹ da omi mímọ́ sí i. Bí ó bá jẹ́ bíríìṣì, omi bátìrì tàbí ohun mìíràn tí ń jó ni ló ta sí i, ẹ ṣí ojú náà, kí ẹ máa da omi mímọ́ sí i fún ìṣẹ́jú 20 ó kéré tán kí ẹ tó gbéra lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má wá ọkọ̀ ná kí ẹ tó bomi sí i.

Ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an bí omi tí ń dà lójú bá ní ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí pẹ̀lú: bí ojú bá ń dun yín gidigidi, bí ìríran bá dín kù, bí ẹ kò bá lè wo ìmọ́lẹ̀, bí ẹ bá rí àmì funfun lójú dúdú ojú, bí ewé, igi tàbí irin bá ta á, bí orí bá ń fọ́ yín, tí ẹ ń bì, tí ẹ sì ń rí òrùka yí iná ká, tàbí bí igun ojú lẹ́bàá imú bá wú, tí ó pọ́n, tí ó sì ń ro yín. Bí kò bá sí ìkankan nínú ìwọ̀nyí, ṣùgbọ́n tí omi náà kò dá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ẹ lọ, kí wọ́n wò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀yin àgbàlagbà tí ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ yín ti rọ̀ tí ó ṣí síta, tàbí tí ó ká sínú. Iṣẹ́ abẹ kékeré lè tún un ṣe.

Ní tèmi, igun pátákó tí ó lọ lọ́jọ́ náà kò padà wá mọ́. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ báyìí, alaalẹ́ ni mo sì ń kán oògùn gláúkómà kí ìyókù má baà tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni n ó máa ṣe títí ọjọ́ ayé mi. Bí mo bá fẹ́ sọdá títì, mo ní láti yí gbogbo orí mi sí ọ̀tún kí n tó rí ọkọ̀ tí ń bọ̀. Ṣùgbọ́n mò ń ka ìwé ìròyìn yìí, mo sì ń rí ojú ọmọ ọmọ mi bí ó bá ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo dúpẹ́.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ̀yin ará mi, bí omi bá ń dà lójú yín lọ́la, ẹ má bi ara yín pé oògùn wo ni n ó kán. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé, níbo ni omi yìí ti ń wá? Ìbéèrè tí n kò bi ara mi fún oṣù méje nìyẹn.

Ó dìgbà kan ná o.